Ẹni Mẹ́fà Ló Ń Gbé Ilé Yìí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Òjò rọ̀ láti ìdájí títí di ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kó dí òun lọ́wọ́. Ó dé nínú bàtà rọ́bà, ó fi ọ̀rá wé báàgì rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ilé ìgbẹ̀bí. Ó tú ẹsẹ̀ Màmá wọn wò, ó ní egbò náà ti ń pọ́n dáadáa, etí rẹ̀ ti ń súnmọ́ra. Láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó èyí. Ẹsẹ̀ tí dókítà ilé ìwòsàn ńlá fẹ́ gé lọ́dún tó kọjá ni. Ìtọ̀ ṣúgà kì í ṣe eré. Nọ́ọ̀sì ló bẹ dókítà pé kó jẹ́ kí òun máa lọ wẹ̀ ẹ́ nílé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá yóò jinná.

"Bàbá, ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run," ó ní.

Mo ní ojú mi ò ríran dáadáa lónìí.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre," Màmá wọn dáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọmọ aráyé. Egbò ò sí nínú sílébọ́ọ̀sì."

Búrẹ́dì ti wọ́n sí i, ó sì tún ti kéré sí i. Ó yẹ kí wọ́n mú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹfà

Ìpàdé ní gbọ̀ngàn agbègbè. Ọ̀gá ètò ìdàgbàsókè ló pè wá, kí a wá gbọ́ èsì ìkànìyàn ọdún tó kọjá. Èmi ni mo kọ́ ọ̀gá yìí nígbà tó wà ní kékeré. Kọwúrà ni mo sọ ọ́ ní kíláàsì, nítorí kò lè tọrọ àyè láti lọ tọ̀ kó má kọ́kọ́ ṣe ọ̀rọ̀ ìṣáájú.

Ó gbé àwòrán kan sára ògiri: ìlà pupa kan tó ń gun òkè bí ẹni ń lọ gba ẹ̀bùn. "Ẹ̀yin ènìyàn mi pàtàkì," ó ní, "agbègbè yìí ń gbèrú. Agbègbè yìí ń ṣe ọ̀dọ́ sí i. Bí ẹ bá rí ẹni mẹ́ta níhìn-ín, méjì nínú wọn ò tíì pé ogójì ọdún."

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Gbọ̀ngàn náà funfun bí oko òwú. Ẹni tó kéré jù nínú wa ni Télọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Ó fi ìgbúnwọ́ tì mí.

"Tíṣà, ó jẹ́ pé ẹ̀yin àti èmi ni ọ̀dọ́ méjèèjì. Ta wá ni arúgbó?"

Kọwúrà fẹ́ràn "nítorí náà." Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó ń bẹ àgbàlagbà wò nílé yóò kúrò lọ́dọ̀ wa ní ìparí oṣù keje, yóò lọ sí ibi tí àgbàlagbà wà. Nítorí náà, ìjọba yóò fún iléèwé wa ní igba àga àti tábìlì ọmọdé. Ọmọ mọ́kànlá ló kù ní iléèwé náà. Wọ́n á lè máa yan àga bí ẹni yan bàtà.

Mo nawọ́. "Tíṣà mi," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín sí gbogbo ilé kí wọ́n lè rí i pé òun mọ àgbà, "ẹ ṣì ń tọ́ wa sọ́nà." Mo bi í pé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí dà. Ó ní òǹkà kì í parọ́.

Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò. Mi ò lè di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹfà

Mi ò tíì sọ fún Màmá wọn pé Nọ́ọ̀sì ń lọ. Ó bi mí pé kí ló dé tí mò ń fọ abọ́ tó mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹfà

Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́, nígbà tó ń di bándéèjì. Wọ́n ti pè é ní ọ́fíìsì, wọ́n ti ní kó máa palẹ̀ mọ́. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, kò gbójú sókè.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò tíì ṣetán," Màmá wọn ní, bí ẹni ọkọ̀ ń fọn fèrè fún níta. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, "Tí ò bá sí ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì ní ká má ì tíì ronú débẹ̀. Gbogbo wa la ti ronú débẹ̀.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹfà

Oòrùn yọ díẹ̀. Mo ráyè lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Télọ̀. Kò gba iṣẹ́ mọ́, àmọ́ ó ń fi òróró pa ẹ̀rọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìwọ̀n àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lára ògiri tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ wọ́n sí: èjìká, àyà, gígùn ẹsẹ̀.

"Nígbà tí àwọn akànìyàn wá lọ́dún tó kọjá," mo ní, "kí lo wí fún wọn?"

"Wọ́n ní mélòó la jẹ́ nínú ilé. Mo ní mẹ́rin."

"Ìwọ àti ta ni? Ìyá wọn ti lọ sinmi."

"Èmi àtàwọn ọmọ mẹ́ta."

"Télọ̀, àgbà wọn ti lo ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn odi."

"Ṣé ìyẹn wá sọ ọ́ di aláìnílé ni?"

Mo gba ọ̀nà mìíràn. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ló pè wọ́n.

"Tíṣà, ọjọ́ orí tí wọ́n gbé jáde nílé ni mo mọ̀. Ogún ọdún, méjìlélógún, èyí àbúrò wọn, méjìdínlógún. Èyí tí wọ́n lò lọ́hùn-ún, ẹ bi àwọn ará ibẹ̀."

Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ilé tó wà ní òpópónà yìí, mo mọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí ọmọ ò ti lọ. Bí gbogbo wa bá dáhùn bíi Télọ̀, a jẹ́ pé ọmọ ogún ọdún ló kún àdúgbò yìí fọ́fọ́, tí wọn ò sì ní darúgbó láéláé.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹfà

Mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n wá kà wá. Mo lọ tò fún owó ìfẹ̀yìntì. Nítorí náà (Kọwúrà ti ràn mí) mo ní láti bèèrè.

"Màmá wọn, ẹni mélòó lo ní ó wà nílé yìí?"

"Mẹ́fà."

"Èmi àti ìwọ jẹ́ méjì."

"Mo mọ ìṣirò, Tíṣà. Àwọn ọmọ jẹ́ mẹ́rin."

"Wọn ò sí nílé."

"Wọ́n jáde ni."

"Àkọ́bí ti jáde láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn."

"Òun ló máa ń pẹ́ níta jù nínú wọn."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Mo wá ṣàlàyé bí mẹ́fà tiwa, mẹ́rin ti Télọ̀, márùn-ún ti lámọ̀rín ṣe para pọ̀ di agbègbè àwọn ọ̀dọ́ tí kò nílò nọ́ọ̀sì. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó nà sórí ìrọ̀rí, ó wò ó pẹ́.

"Ṣé nítorí pé mo ka ọmọ mi?"

"Gbogbo wa la kà wọ́n."

"Ẹ̀yin ò kà wọ́n. Ẹ ò sí nílé."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹfà

Ọ́fíìsì Kọwúrà. Ó ní àga tó ń yí, ó sì ń yí i. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó pa ojú dé bí ẹni ń gbọ́ orin, ó wá fún mi lésì. Èsì náà gùn débi pé òjò bẹ̀rẹ̀ níta, ó dá, ó tún bẹ̀rẹ̀, kò tíì dé orí ọ̀rọ̀ ìṣe. Nígbà tí ó dé e, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: àtúnkà ṣeé ṣe, bí ọ̀pọ̀ ilé bá fẹnu ara wọn bèèrè fún un. Bí àtúnkà bá fi hàn pé àgbàlagbà la jẹ́ lóòótọ́, òun yóò "tún ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà gbé yẹ̀ wò lábẹ́ ìlànà."

"Ẹ kú ìfẹ́ òtítọ́, Tíṣà mi," ó ní ní ẹnu ọ̀nà.

Inú mi dùn délé. Àgbà ń ya òmùgọ̀ nígbà míràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹfà

Mo ti ń lọ láti ilé dé ilé. Mo ti kọ́ ọmọ tí kò gbọ́n, mo ti kọ́ èyí tó kọ̀ láti gbọ́n. Mi ò kọ́ irú kíláàsì yìí rí.

Dẹ́rẹ́bà tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé nísàlẹ̀ òpópónà, ò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. "Ẹ ní kí n fi ẹnu ara mi lé ọmọ mi kúrò nílé? Tó bá dé lọ́la tí wọ́n ní kò sí lára wa ńkọ́?"

"Ìkànìyàn ni, kì í ṣe pínpín ogún."

"Ẹni tí wọn ò kà, ṣé wọ́n máa ń pín nǹkan fún un?"

Mo gba ilé tó kàn lọ.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló gbẹ̀yìn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, ọkọ̀ ló sì pa á. Kí n tó la ẹnu, ó ti gbé ọwọ́ sókè. "Mo mọ ohun tí ẹ bá wá, Tíṣà. Mo máa tọwọ́ bọ̀wé àtúnkà yín, nítorí ẹsẹ̀ Màmá. Ṣùgbọ́n ọmọ tiyín lè tẹ̀ yín láago. Tèmi, inú kíkà yẹn nìkan ló kù sí."

Mo ra búrẹ́dì méjì, mo sì lọ. Ọ̀kan là ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kẹfà

Àwọn akànìyàn ń bọ̀. Télọ̀ ló bá mi bẹ àwọn tó kù, ó ní nítorí ẹsẹ̀ Màmá ni, kì í ṣe nítorí òtítọ́. Àtúnkà di oṣù tó ń bọ̀. Ilé tiwa gan-an ni mi ò tíì rí yanjú. Màmá wọn ní mẹ́fà lòun yóò sọ, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹfà

Ìkejì, ọmọbìnrin wa, tẹ̀ wá láago. Ìyá rẹ̀ máa ń pariwo sínú fóònù bí ẹni ń pe ará òdìkejì odò.

"Ṣé wọ́n kà yín níbẹ̀?"

"Ta ni, Mọ́mì?"

"Ìjọba ibẹ̀. Ṣé wọ́n kà yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó tó ọdún méjì. Èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ."

"Ṣé wọ́n kọ orúkọ rẹ dáadáa?"

"Wọn ò lè pè é. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́."

Màmá wọn ní kí n tẹ àwọn mẹ́ta tó kù, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Àkọ́bí rò pé ara ìyá rẹ̀ ò dá, ó ní kí n gba fóònù. Àbíkẹ́yìn ò gbé e. Nígbà tó pẹ́ ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: Wọ́n kà mí, Mọ́mì, ẹ má dààmú.

Màmá wọn gbé fóònù sórí àyà, ó wo àjà ilé. "Wọ́n ti kà wọ́n," ó ní. "Tí mo bá tún kà wọ́n níbí, mo pín wọn sí méjì nìyẹn."

Olùkọ́ tó bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ ń yanjú ìṣirò, ó fẹ́ kó ṣì í ni.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù keje

Ọmọbìnrin akànìyàn dé lábẹ́ òjò, ó fi ọ̀rá bo fóònù ńlá tó fi ń ṣiṣẹ́. Màmá wọn ti wọ aṣọ àtàtà láti òwúrọ̀, ó jókòó sí pálọ̀, ó fi ìró bo bándéèjì.

"Ẹ káàsán, Mà. Ẹni mélòó ló ń gbé ilé yìí?"

Ó di apá àga mú. "Méjì. Èmi àtàwọn yìí."

"Ṣé kò sí ẹlòmíràn, Mà?"

Ìbéèrè ọmọ náà kọ́, ó wà nínú ohun tí wọ́n ní kó bèèrè. Síbẹ̀ ó dùn mí bíi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

"Kò sí ẹlòmíràn," Màmá wọn ní.

Ó wọ yàrá lọ, kò sì jẹun alẹ́.

Télọ̀ ní òun bi ọmọbìnrin náà bóyá àyè wà fún àwọn tó jáde, ó ní kò sí. Télọ̀ wá ní "ẹnì kan," ó sì yíjú sí ògiri tí ṣọ́ọ̀kì wà. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ń dá gbé ní "méjì." Gbogbo wa gbọ́, kò sí ẹni tó ní irọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù keje

Egbò náà kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ mọ́. Nọ́ọ̀sì ní oṣù mẹ́ta sí i, yóò pa dé. Ó ń kọrin lẹ́nu bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo gbà á gbọ́. Mo lọ bá Télọ̀ ṣeré ayò, mo nà án, ó ní òjò ló fà á.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù keje

Èmi àti Télọ̀ jókòó síwájú ní gbọ̀ngàn bí ọmọ tó mọ ìdáhùn.

Kọwúrà tún gbé àwòrán sára ògiri. Lọ́tẹ̀ yìí ìlà náà ń sọ̀kalẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gba ẹ̀bùn padà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún òtítọ́ yín," ó ní. "Ó ti hàn gbangba pé àgbàlagbà lẹ jẹ́." Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́.

"Nítorí náà," ó ní.

Agbègbè tí ènìyàn rẹ̀ kò bá tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kò lẹ́tọ̀ọ́ sí nọ́ọ̀sì tirẹ̀. Ìlànà ni. Nígbà tí a yọ àwọn ọmọ wa kúrò, a ò tó. Wọn yóò pa wá pọ̀ mọ́ agbègbè òdìkejì odò, ibẹ̀ la ó ti máa gba ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì yóò lọ ní ọjọ́ tí wọ́n dá tẹ́lẹ̀.

Mo dìde, mo ṣàlàyé fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tí a pọ̀, a kéré lọ́jọ́ orí, kò yẹ ká ní nọ́ọ̀sì. Nígbà tí a dàgbà, a kò pọ̀, kò yẹ ká ní nọ́ọ̀sì. Ó gbọ́. Ó sọ pé òye ọ̀rọ̀ mi yé òun gidi, ó dun òun dé ọkàn, òun yóò sì gbé e lọ sókè. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò parọ́. Kò sí ohun tí ọwọ́ òun náà ká.

"Tíṣà," Télọ̀ ní lójú ọ̀nà, "èwo gan-an ni ìdáhùn tó tọ̀nà nínú méjèèjì?"

"Kò sí nínú wọn."

"Ẹ̀yin tíṣà kì í ṣe irú ìyẹn."

Mo sọ ọ́ fún Màmá wọn bó ṣe rí. Ó ní, "A jẹ́ pé lásán ni mo yọ wọ́n." Kò bínú. Ì bá ṣe pé ó bínú, ǹ bá rí nǹkan ṣe.

Ọjọ́rú, 31 oṣù keje

Nọ́ọ̀sì wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ egbò. Ojú mi wá ríran dandan. Omi iyọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, láti àárín lọ sí etí, má ṣe padà sí ibi tí o ti nù. Mo padà sí ibi tí mo ti nù. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

"Ẹ fún wọn ní máàkì," Màmá wọn ní, ó ń fún ehín pọ̀.

Nọ́ọ̀sì wò ó yí ká. "Wọ́n gbìyànjú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń kọ sínú ìwé ọmọ tí kò ní yege.

Ó fi bándéèjì tó kù sílẹ̀ fún wa, ó sì fi nọ́ḿbà rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá wọn, ó pẹ́ nílẹ̀. Bàtà rọ́bà rẹ̀ sàmì sí ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó nù ún títí di àṣálẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù kẹjọ

Igba àga àti tábìlì dé. Wọ́n ti dì wọ́n sọ́kọ̀ kí òtítọ́ wa tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Iléèwé kò gba ìdajì wọn, dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ ẹrù náà sì já ìyókù sábẹ́ àtíbàbà níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ òdìkejì odò. Ibẹ̀ la jókòó lónìí, orúnkún wa kan àgbọ̀n. Ọkọ̀ ò wá. Wọ́n ní omi ti bo afárá.

Télọ̀ nawọ́ sókè lórí àga rẹ̀. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tọ̀."

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù kẹjọ

Etí egbò dúdú ní apá kan. Mo tẹ Nọ́ọ̀sì láago. Ó ní kí n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Mo ní omi ṣì wà lórí afárá. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, aláìsàn kan ní ibi tí àgbàlagbà wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù kẹjọ

Òjò dá. Wọ́n ní bóyá ọkọ̀ á kọjá lọ́la. Mo ti di ẹrù Màmá wọn sínú báàgì kan. Ó ní kí n fi aṣọ àtàtà yẹn sí i, nítorí a ò mọ ẹni tí a máa bá níbẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ka mítà omi dé lọ́sàn-án. Ó lu mítà, ó tún lù ú. Ó ní omi tí a lò ti kéré jù, ó ní láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

"Bàbá, ẹni mélòó ló wà nílé yìí?"

Kí n tó dáhùn, ohùn Màmá wọn ti jáde láti yàrá, ó le ju bí mo ti gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí lọ.

"Mẹ́fà. Wọ́n jáde ni."

Ọkùnrin náà wò mí. Èmi tí mo lọ láti ilé dé ilé nínú òjò.

"Mẹ́fà ni," mo ní. "Àkọ́bí ló máa ń pẹ́ jù."

Ó fẹ́ kọ ọ́, bírò rẹ̀ ò yọ yíǹkì. Mo yá a ní tèmi.